Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ láàfin Iran: Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ òótọ́, aráyé ò gbà á gbọ́

Ọba ńlá ni Mohammad Reza Pahlavi, Shah ilẹ̀ Iran. Owó epo ń rọ́ wọlé fún un, àwọn sójà ẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1974, ọba fọwọ́ kan ìhà òsì ara ẹ̀, ló bá rí i pé nǹkan kan ti wú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean Bernard àti Dókítà Georges Flandrin yọ́ wọ Tehran láti ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára ọba ló tú àṣírí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìrísí wọn ò sì dáa.

Ṣé ẹ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọlọ́pàá ara? Bí wọ́n bá ya wèrè, tí wọ́n ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, jẹjẹrẹ ló dé yẹn. Wọ́n sì máa ń kóra jọ sínú spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Iṣẹ́ spleen ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, kó yọ èyí tó ti gbó kúrò. Bó bá wú jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tó dáa náà mì.

Oògùn chlorambucil ni wọ́n fún ọba. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má baà fura, inú ike Quinercil, oògùn mìíràn pátápátá, ni wọ́n da á sí. Ìránṣẹ́ kan rí i pé oògùn ọ̀gá òun fẹ́ẹ́ tán, òun náà ò mọ nǹkan kan, ló bá wá ojúlówó Quinercil síbẹ̀. Ni ọba bá ń gbé oògùn tí ò kan jẹjẹrẹ mì! Spleen tún wú, ẹ̀jẹ̀ tún dàrú, kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olorì Farah gan-an, ọdún 1977 ló tó gbọ́ nípa àìsàn ọkọ ẹ̀.

Lọ́jọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1979, rògbòdìyàn lé ọba kúrò nílùú. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ó gúnlẹ̀ sí New York fún ìtọ́jú. Wọ́n yẹ kókó ọrùn ẹ̀ wò: jẹjẹrẹ lymphoma ni, ó sì ti le sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń bò ó? Ọ̀pọ̀ ará Iran ní irọ́ ni, pé Amẹ́ríkà fẹ́ẹ́ dá a padà sórí ìtẹ́ ni. Lọ́jọ́ 4, oṣù kọkànlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran. Èèyàn 52 ló lo ọjọ́ 444 ní àhámọ́ wọn.

Ọba ń kiri, ó dé Panama, ó dé Egypt. Spleen ti wú gan-an, ẹ̀jẹ̀ pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun, àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 1980, Dókítà Michael DeBakey yọ ọ́ ní Cairo, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lọ́jọ́ 27, oṣù keje, ọba kú lẹ́ni 60 ọdún.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tọba nìkan. Kókó tí ò dunni lọ́rùn tàbí lábíyá, tó kọ̀ tí ò lọ. Ìhà òsì tó ń wú. Òógùn òru tó ń rin aṣọ. Ara tó ń rù láìnídìí: ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán tàn án. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sibítù. Ẹ má sì da oògùn kan sínú ike òmíràn láéláé. Ẹ̀jẹ̀ Shah ti sọ òótọ́ láti ọdún 1974, èèyàn ló pa á mọ́.