Kí Ló Ń Mú Nǹkan Lẹ̀ Mọ́ra?

Àwọn ọmọ kéú wa ní Òkè-Afá níbí a máa bi wá pé: kí ló dé tí tàdáwà fi ń dúró lára wàláà, tí kì í sì í dúró níbi tí epo bá ta sí? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Gbogbo ohun tí Ọlọ́hun dá tí a lè fọwọ́ kàn ló jẹ́ àkójọ ègé tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ègé wọ̀nyí a máa fa ara wọn mọ́ra, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí, fífà náà kò tó nǹkan. Pátákó méjì lè dán lójú wa, síbẹ̀ gegele àti kòtò kéékèèké ló kún ara wọn. Orí gegele nìkan ni wọ́n ti ń kanra. Ohun tó ń ṣàn ló lè dí kòtò náà. Ẹ kán omi sáàárín gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, ẹ ó rí i pé yíyà wọn á nira. Àmọ́ omi kì í le. Ẹ̀kọ gbígbóná tí a fi ń lẹ ìwé a máa wọ inú kòtò, á sì gbẹ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tàdáwà àtijọ́, tí wọ́n fi èédú ìdí ìkòkò àti oje igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Hausa ṣe. Oje náà ló ń dì í mú. Omi sì ń yọ́ oje náà, nítorí náà ni wàláà ṣe ń ṣeé fọ̀. Ní ti epo, kì í jẹ́ kí tàdáwà kan igi rárá. Ṣe ni yóò ṣù jọ bí omi orí ewé kókò.

Ọmọọ́lé tó ń gun ògiri kò tilẹ̀ lo oje kankan. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé ó ń wọ gbogbo kòtò; àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ló fi èyí hàn ní ọdún 2000 àti 2002.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé súpà gúlúù jìnnà sí ọmọdé. Ọ̀rinrin ló ń mú un le, ìka ọwọ́ kì í sì í ṣaláì ní ọ̀rinrin. Bí ìka bá lẹ̀ pọ̀, ẹ má fà á ya. Ẹ rì í sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ rọra máa bó o. Bó bá kan ojú, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ má fi ipá la ìpéǹpéjú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Gúlúù tó gbẹ sára, bíi kútẹ́ẹ̀sì àti ọ̀dà, kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan awọ, a ní láti kọ́kọ́ yọ ọ́. Làálì kò rí bẹ́ẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ wọ inú awọ lọ ni, kò bo ojú rẹ̀.