Efinrin Kò Lè Tún Ọbẹ̀ Tí Ó Ti Bàjẹ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ obìnrin pé bí ọbẹ̀ àná bá fẹ́ máa yí òórùn padà, kí a já efinrin sí i, kí a gbé e kaná, kò sí ohun tí yóò ṣe ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Efinrin kì í ṣe ewé lásán. Thymol wà nínú òróró tí ó fún un ní òórùn. Eugenol ni ti kànáfùrù. Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ìdílé phenol. Phenol fúnra rẹ̀ ni kàbọ́líìkì tí Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, lò sí ojú ọgbẹ́ ní 1865 kí ó má baà kẹ̀. Wọn a máa ba awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo kòkòrò àrùn jẹ́, ohun inú rẹ̀ a jò dànù, a sì kú. Àwọn baba wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n ń fi efinrin wo inú rírun.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa kòkòrò nínú ìgò àyẹ̀wò lè má pa á nínú ìkòkò. Èkíní, òróró inú ewé kò pọ̀, ooru sì ń gbé e lọ. Òórùn dídùn tí ó gba gbogbo ilé yẹn, oògùn náà ni ó ń fò lọ. Èkejì, epo àti ọ̀rá ẹran a máa dì í mú, kì í jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: àwọn kòkòrò kan, bí Staphylococcus, a máa tu májèlé sínú oúnjẹ tí ó pẹ́ nílẹ̀. Bí a bá tún un sè, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n májèlé rẹ̀ a wà níbẹ̀. Òórùn efinrin tilẹ̀ lè bo àmì tí imú ìbá fi mọ̀ pé ọbẹ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé oúnjẹ tí kò mọ́ ń pa 420,000 ènìyàn lọ́dún, àti pé 125,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó dáná. Ọ̀bẹ tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi gé tòmátì. Ẹ jẹ́ kí ẹran jinná dé inú. Ọbẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ kí ó tó wọ fíríìjì. Bí iná kò bá sí, ẹ se ìwọ̀n tí ilé lè jẹ tán. Kí ẹ tó jẹ ti àná, kí ó hó dáadáa. Èyí tí ó bá ti kan, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní òróró kànáfùrù mu, ó lè ṣe é léṣe. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po ORS fún un bí a ti kọ ọ́ sí ara àpò rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ máa fi efinrin sí ọbẹ̀ yín, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tuntun ni kí ẹ fi í sí. Ọbẹ̀ tí a dà nù, a ó se òmíràn. Ọmọ tí ó bá lọ kì í padà.