Iṣẹ́ Abẹ Èjìká Lórí Ìjókòó: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Mọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ èjìká ni wọ́n ń ṣe lórí ìjókòó. Wọ́n á kun aláìsàn lóorun, wọ́n á wá gbé apá òkè ibùsùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹni tó rọ̀gbọ̀kú sínú àga. Dókítà á rí inú oríkèé èjìká dáadáa, ṣùgbọ́n orí ti ga ju ọkàn lọ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ sì ní láti gun òkè kó tó dé ọpọlọ. Bí ẹni tó lajú bá dìde jókòó, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ á fún pọ̀, wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Oògùn oorun kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é tó bó ṣe yẹ: iṣan á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sí ẹsẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀.

Iye tí ẹ̀rọ ìfúnpá ń kà ní apá kì í ṣe ti ọpọlọ. Bí orí bá fi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ibi tí wọ́n so aṣọ ìfúnpá mọ́ lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ á fi nǹkan bí 15 mmHg dín sí iye tó hàn. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, ìyàtọ̀ náà á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2005, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn aláìsàn mẹ́rin tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ba ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí à ń ṣọ́ra fún.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Àwọn kan á sọ pé àwọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí oògùn ti mú un wálẹ̀. Ẹni tí oògùn ń bá mú un wálẹ̀ ṣì ní in, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọpọlọ tí ìfúnpá gíga ti mọ́ lára kì í gba ìfúnpá kékeré bíi ti ẹlòmíràn. Iye tó tẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́rùn lè má tó o.

Àwọn mìíràn gbọ́ pé wọ́n ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú bí ìfúnpá bá kọjá 180/110, wọ́n á wá lo oògùn ní ìlọ́po méjì láàárọ̀. Ewu ńlá ni. Lisinopril, ramipril, losartan àti valsartan wà lára èyí tí dókítà akunnilóorun sábà máa ń ní kí aláìsàn dá dúró ní wákàtí 24 ṣáájú, nítorí wọ́n lè mú kí ìfúnpá já wálẹ̀ lójú oorun, kó sì ṣòro láti gbé dìde. Atenolol, bisoprolol àti clonidine kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá dá wọn dúró lójijì, ìfúnpá rẹ̀ lè fò sókè. Dókítà nìkan ló lè sọ èyí tí aláìsàn kan yóò lò àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

“Oògùn funfun kékeré kan” kì í ṣe orúkọ oògùn. Amlodipine lè funfun, lisinopril náà lè funfun. Páálí oògùn gan-an ni kí aláìsàn kó wá ní ọjọ́ àyẹ̀wò, títí kan àgbo tó bá ń mu.

Àìjẹun ṣáájú iṣẹ́ abẹ kò ní kí ènìyàn máa fi òùngbẹ sùn. Oúnjẹ ni wọ́n ń dá dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Bí dókítà kò bá sọ ohun mìíràn, omi lásán ṣeé mu títí di wákàtí méjì ṣáájú. Ara tó gbẹ ni ìfúnpá rẹ̀ ń yá wálẹ̀.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fa omi sí aláìsàn lára, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè bó bá yẹ, wọ́n á sì to ọrùn rẹ̀ kó má bàa wọ́.

Lẹ́yìn tó bá jí, bí ẹnu bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, tí ojú bá ṣú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá rọ, kí ó pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Kó tó lọ sílé, kí ó béèrè ọjọ́ tí yóò padà sórí oògùn rẹ̀.