Fọkanáísà Inú Àpò

Bàbá tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa kì í béèrè ohun tó ṣe ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń ti tirẹ̀ bọ̀ nínú oòrùn, wọ́n á ti fẹsẹ̀ fa abọ́ omi wọn súnmọ́ra. Irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ń ṣí etí táyà kúrò lára rímù. Wọ́n á fa túùbù yọ, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á wá máa tì í bọ omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Wọ́n á fi àjákù ayùn irin ha ojú ibẹ̀ títí á fi rí hánrun-hànrun, wọ́n á kun gọ́ọ̀mù, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ kó lè gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ àbùlẹ̀ oníná ni oníbàárà fẹ́, píṣítìnì ọkọ̀ àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń bu epo bẹntiróòlù díẹ̀ sí nínú, tí wọ́n ń ṣáná sí, tí wọ́n á sì fi tẹ àbùlẹ̀ náà títí rọ́bà méjèèjì á fi di ọ̀kan.

Iná yẹn ló bí orúkọ iṣẹ́ wọn, fọkanáísà. Vulcan ni òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Nígbà tí Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i ní 1839 pé rọ́bà tí a po mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì yan nínú iná, kì í yọ́ nínú ooru mọ́, orúkọ òrìṣà yẹn ni wọ́n wá fi pe iṣẹ́ náà. Ká ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣàwárí rẹ̀ ni, Ògún ni à bá máa ké sí bí táyà bá jò.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ní Houston, tó sì ń gun alùpùpù ńlá, mú àpò kékeré kan bọ̀ wálé. Ó ní fọkanáísà ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ká gbé e lọ síwájú ẹni tó ni iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì da ẹrù rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì: ẹ̀mú kan, irin ṣóńṣó kan tó ní eyín kiri ara, abẹ́rẹ́ ńlá kan tó ní èèkù, abẹ́ ìgé, pọ́ǹpù kékeré tó ń fi bátìrì alùpùpù ṣiṣẹ́, àti okùn rọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ mélòó kan tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Bàbá mọ ẹ̀mú. Okùn ni wọ́n gbé sókè. “Kí lẹ wá ń fi eléyìí ṣe? Ṣé igbá lẹ fẹ́ gán ni?”

Mi ò rí ẹni tó tíì ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà alùpùpù tí àbúrò mi ń gùn kò ní túùbù. Inú táyà gan-an ni afẹ́fẹ́ wà, etí rẹ̀ ló fún mọ́ rímù pinpin. Bí ìṣó bá gún un, ìṣó yẹn náà ló máa dí ihò tó dá, afẹ́fẹ́ á kàn máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Túùbù ní tirẹ̀ kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fífi ìbínú fa ìṣó yọ lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ ohun tí ọwọ́ gbogbo wa máa ń yá sí, ni ẹni tó ń gùn ún kò gbọ́dọ̀ ṣe. Yóò kọ́kọ́ tẹ́ irinṣẹ́ sílẹ̀, yóò wo ọ̀nà tí ìṣó gbà wọlé, bóyá ó dagun tàbí ó dúró ṣánṣán, kó tó fi ẹ̀mú fà á. Yóò ti irin eléyín gba ọ̀nà kan náà, yóò máa yí i títí inú ihò á fi mọ́. Yóò fi okùn kọ́ ojú abẹ́rẹ́ dé ìdajì, yóò tì í wọlé títí yóò fi ku orí méjèèjì níta, yóò wá já abẹ́rẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ á jáde, okùn á ṣẹ́ po sínú ihò, á fún un pa. Ó kù kó gé orí okùn, kó fẹ́ táyà, kó sì tu itọ́ síbẹ̀ wò bóyá yóò hó.

“Àní itọ́!” ni Bàbá wí, wọ́n sì wo abọ́ omi wọn.

Bàbá ní kí ló dé tí àwọn tó ń gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kì í lọ bá fọkanáísà. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà Dalton ní Alaska, tí òun torí rẹ̀ ra àpò yìí. Lápá òkè ìlú Fairbanks ló ti bẹ̀rẹ̀, ó parí sí Deadhorse nítòsí òkun yìnyín àríwá. 1974 ni wọ́n là á kí ọkọ̀ lè máa kó ẹrù lọ síbi tí wọ́n ti ń ri ọ̀pá epo rọ̀bì. Ó gùn tó kìlómítà 666, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì rí ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú ló wà níbẹ̀. Láti Coldfoot dé Deadhorse, tó tó kìlómítà 386, tó sì ju Èkó sí Ìlọrin lọ, kò sí ilé epo kan, kò sí mẹkáníìkì. Àwa kì í gbé irinṣẹ́ rìn nítorí pé èèyàn ni irinṣẹ́ wa, ó sì wà ní ìkóríta tó kàn.

Afẹ́fẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn kan kì í gbé pọ́ǹpù, ìgò irin kéékèèké ni wọ́n ń kó, gáàsì tó ń mú mínírà hó ló wà nínú rẹ̀. Gírámù 16 ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan. Wọ́n lè tú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú táyà ẹ̀yìn kí ó má tíì le tán, ìgò náà á sì tutù débi pé ó lè lẹ̀ mọ́ awọ ìka. Ọkọ̀ òfurufú kò gbà á, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú àpò. Oògùn olómi tí wọ́n ń rọ sínú táyà kó lè dí ihò fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: ẹni tó bá tú táyà náà lẹ́yìn ọ̀la ni yóò nu ọ̀rá inú rẹ̀ kí àbùlẹ̀ tó lè mú.

“Á tọ́jọ́?” ni Bàbá bi í.

“Rárá o, Bàbá. Pàjáwìrì ni. Jẹ́jẹ́ ni màá máa lọ, màá máa sọ̀ kalẹ̀ wò ó, títí màá fi dé ibi tí wọ́n á ti tú u, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti inú tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.”

Bàbá mirí. Wọ́n ní láyé kẹ̀kẹ́, bí túùbù bá bẹ́ lọ́nà oko, koríko làwọn máa ń kì kún inú táyà, táwọn á sì fi rọra rọ́ délé. Wọ́n tún fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kan. “Tó bá ṣe ibí ló ya ńkọ́?”

Àbúrò mi ní ibẹ̀ kò gba okùn. Ibẹ̀ ni táyà ti ń tẹ̀ tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí, èdìdí kankan kò lè dúró síbẹ̀; wọ́n á gbé alùpùpù náà sẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù ni.

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́kadà kan ti tirẹ̀ bọ̀, ìṣó sì hàn gbangba lára táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò mi ti gbé abẹ́rẹ́, ó ti ń fi okùn kọ́ ojú rẹ̀.

“Túùbù ló wà nínú ẹ̀,” ni Bàbá wí, wọ́n sì fẹsẹ̀ fa abọ́ omi súnmọ́ra.