Imatinib àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ ní Johannesburg

Ní Soweto, ní ìlú Johannesburg, ni Ilé Ìwòsàn Chris Hani Baragwanath wà, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń tọ́jú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí ń rọra jà, tí wọ́n ń pè ní CML. Àrùn náà kò wọ́pọ̀: nínú 100,000 ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ni í mú lọ́dún.

Kí ọdún 2001 tó dé, oògùn tó wà kàn ń fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ìsinmi ọdún díẹ̀ ni, àfi ẹni tó bá rí ọmọ ìyá tí mùdùnmúdùn egungun wọn bára mu. Lọ́dún náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí imatinib, oògùn oníhóró tí aláìsàn ń lò lójoojúmọ́. Ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó fi í bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bí 83 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún 10.

Ọ̀pọ̀ ará Johannesburg ló ní kòkòrò HIV pẹ̀lú. Oògùn méjèèjì ṣeé lò pọ̀, ṣùgbọ́n òmíràn nínú oògùn HIV a máa dín agbára imatinib kù, òmíràn a sì máa mú un le jù. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi ń fẹ́ àyẹ̀wò lemọ́lemọ́.

Ewu tó tóbi jù, bí ara bá ti yá ni. Aláìsàn a rò pé ó parí, a sì máa fo oògùn. Àrùn a sì tún gbérí. Òótọ́ ni pé àwọn kan lè dá a dúró, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìṣọ́ dókítà ni.

Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 2003 ni àwọn aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí gba imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Owó ọkọ̀ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò sí lára ọ̀fẹ́ náà.