Àlùfáà àti Kátíkíìsì nínú Ìjọ Àgùdà

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1998, Póòpù John Paul Kejì dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní Oba, nítòsí Onitsha, ó sì kéde pé Fadá Cyprian Michael Iwene Tansi ti di Ẹni Ìbùkún, ipò tí ó ṣáájú èyí tí Ìjọ Àgùdà yóò fi pe ènìyàn ní ẹni mímọ́. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú ọlá bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Ìròyìn náà tàn ká ayé, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Kí Tansi tó wọ aṣọ àlùfáà, olùkọ́ ilé-ìwé ni. Bí a bá sì tọ ipasẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí padà sẹ́yìn, iwájú olùkọ́ tàbí kátíkíìsì abúlé kan ni ipasẹ̀ náà yóò gbé wa dé, ẹni tí kò sí ìwé ìtàn tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kátíkíìsì ni a ń pe ẹni tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn, tí kì í sì í ṣe àlùfáà. Ó lè ní aya, ó lè bímọ, ó lè ní oko tí ó ń ro. Ní abúlé tí Fadá kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, òun ni ó ń ṣáájú àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ó ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ gba ìrìbọmi, tí ó ń bẹ aláìsàn wò, tí ó sì ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Bí ẹni kan bá wà ní bèbè ikú, ó lè rì í bọmi. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe Mísà, kò sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí àlùfáà nìkan ni Ìjọ fi iṣẹ́ méjèèjì lé lọ́wọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ní Èkó, kí àlùfáà kankan tó wá fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, àwọn tí ó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé ti ń péjọ gbàdúrà. Àwọn ni Yorùbá ń pè ní Àgùdà, orúkọ náà sì mọ́ ìjọ wọn lára títí di òní. Ẹni tí ó ń ṣáájú wọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Orúkọ àlùfáà ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n kò jẹ oyè àlùfáà rí. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni. Ó ń kó àwọn ará jọ, ó ń rì àwọn ọmọ wọn bọmi, ó sì ń gbàdúrà fún àwọn tí ó ń kú lọ. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá nílẹ̀. Ó di ọdún 1868 kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ibẹ̀.

Ní apá ìlà-oòrùn, ọdún 1885 ni àwọn Fadá Ẹgbẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ dé Onitsha, Fadá Joseph Lutz ni ó sì ṣáájú wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ni láti máa ra ẹrú sílẹ̀, kí wọ́n sì kó wọn jọ sí abúlé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́. Owó kékeré kọ́ ni ó ń gbà, àwọn ènìyàn tí ó ń tẹ̀lé wọn kò sì pọ̀. Fadá Joseph Shanahan, ará Ireland, tí ó di olórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1905, ni ó yí ọ̀nà padà. Ó rí i pé ohun tí àwọn ará abúlé ń fẹ́ ni kí ọmọ wọn mọ̀wé, nítorí náà ilé-ìwé ni ó fi ṣe ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní àárín ọ̀sẹ̀, tí yóò kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìsìn, tí yóò sì kó gbogbo abúlé jọ fún àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Olùkọ́ ni, kátíkíìsì ni.

Nígbà náà, àlùfáà tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ní ọdún 1919, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún kọ ìwé kan sí àwọn míṣọ́nnárì, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe jáfara láti tọ́ àlùfáà dìde láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sìn. Ní ọdún 1920, Paul Emecete, ọmọ Ezi, jẹ oyè àlùfáà ní Asaba. Ní Onitsha, ó di ọdún 1930 kí John Cross Anyogu tó jẹ oyè náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọdún 45 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Onitsha àti ọjọ́ tí Anyogu di àlùfáà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn Fadá òyìnbó kò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ èdè náà dáradára. Ta ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn? Ta ni ó ń dúró sí abúlé bí wọ́n bá ti kọjá lọ? Kátíkíìsì ni.

Láti inú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ ni Tansi ti jáde. Aguleri ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1903. Wọ́n rì í bọmi ní ọdún 1912, ó lọ sí ilé-ìwé, ó sì di olùkọ́. Olùkọ́ nígbà náà jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, owó oṣù ń wọlé fún un, àwọn ẹbí sì ń gbé ojú lé e. Ní ọdún 1925, Tansi fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ sẹ́mínárì, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ní Igbariam. Ọdún 12 gbáko ni ó lò kí ó tó jẹ oyè ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1937. Ó sìn ní Nnewi, ní Dunukofia, ní Akpu àti ní Aguleri ìlú rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó fi ń káàkiri àwọn abúlé. Ní ọdún 1950 ó lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Mount Saint Bernard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́ sin Ọlọ́run. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1964.

Ṣùgbọ́n iná kú, ó fi eérú bojú. Ti Tansi kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti fi iná ran igi mìíràn. Ní Dunukofia, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1941, ó rì ọmọ kan bọmi tí ó pé ọmọ ọdún 9 lọ́jọ́ náà gan-an. Francis Arinze ni orúkọ ọmọ náà. Ó wọ sẹ́mínárì, ó jẹ oyè àlùfáà ní Romu ní ọdún 1958, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1965 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 32, ó sì di Kádínà ní ọdún 1985. Ṣáájú rẹ̀, Dominic Ekandem, ọmọ Ibibio tí ó jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1947, ti di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1954 àti Kádínà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1976.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di àlùfáà lóde òní? Ọ̀nà náà ṣì jìn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́mínárì kékeré, tí í ṣe ilé-ìwé girama níbi tí àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́ ti ń bá ẹ̀kọ́ ìwé rìn. Ẹni tí ó bá yege, tí ọkàn rẹ̀ kò sì yẹ̀, yóò lọ sí sẹ́mínárì ńlá, bíi Bigard ní Enugu tàbí èyí tí ó wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn. Òfin Ìjọ là á kalẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 6 lápapọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò di díákónì, nígbà náà ni yóò sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní gbéyàwó láéláé. Ó kéré tán, oṣù 6 yóò kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò sì ti pé ọdún 25, kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ní ilẹ̀ tí ọmọ ti jẹ́ adé orí òbí, ẹ̀jẹ́ yìí kì í ṣe ohun kékeré fún baba àti ìyá. Àwọn kan ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn sì wà tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń sọ fún pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ewu pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn agbébọn jí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin gbé ní Sẹ́mínárì Good Shepherd ní Kaduna. Mẹ́ta padà wálé. Wọ́n pa ìkẹrin, Michael Nnadi, ọmọ ọdún 18.

Ìdánwò tí ó tóbi jù lọ fún iṣẹ́ yìí dé lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó wà ní agbègbè ogun jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé ti dahoro. Ṣùgbọ́n Arinze ti wà lórí àga bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Onitsha láti ọdún 1967. Ní Owerri, Mark Unegbu gba ipò Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Whelan ní ọdún 1970 kan náà. Àwọn kátíkíìsì sì wà ní abúlé wọn. Ìjọ kò wó. Lónìí, àwọn àlùfáà ọmọ Nàìjíríà ń sìn ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àní ní Ireland tí Shanahan ti wá.

Síbẹ̀, ohun kan yí padà ní ọdún náà tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ East Central gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, olùkọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba, kátíkíìsì sì di ẹni ọ̀tọ̀. Owó oṣù tẹ̀lé olùkọ́ lọ. Iṣẹ́ ìsìn kù sọ́wọ́ kátíkíìsì. Bí àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ti dá ilé-ìwé padà, ìdè tí ó já náà kò tíì so padà dáradára. Ní ìjọ púpọ̀, ohun tí a ń fún kátíkíìsì kò tó gbọ́ bùkátà, bẹ́ẹ̀ ni aya àti ọmọ ń wo ojú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rí bí a ti ń yẹ́ Fadá sí, tí ó sì rí bí kátíkíìsì ti ń jìyà, kò ní í ṣòro fún un láti mọ èwo ni yóò yàn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Póòpù Francis, tí ó jẹ́ olórí Ìjọ nígbà náà, fi ìwé àṣẹ sọ iṣẹ́ kátíkíìsì di ipò iṣẹ́ ìsìn tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọlá ni èyí, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ọlá kì í kún ìkòkò ọbẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ ìjọ láti fi ẹ̀kọ́ tí ó yanjú àti owó tí ó tó jẹun tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Póòpù. Ìjọ tí ó bá ń kọ́ sẹ́mínárì ńláńlá, tí kò sì ka kátíkíìsì abúlé sí, ń pọn omi nínú odò tí ó ń dí orísun rẹ̀. Odò tí ó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.