Ayé Kò Tán Sílé Ọkọ: Òótọ́ àti Irọ́

Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ẹni tó kúrò nílé ọkọ, tàbí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ, pọ̀ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìkómọ, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, àwọn mìíràn sì ń gbé e gun orí pẹpẹ ìwàásù. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ pẹ́, onítọ̀hún fúnra rẹ̀ á gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí irọ́ inú rẹ̀ ti lé àwọn kan kúrò láwùjọ, ó ti sọ àwọn kan di ẹni tí ń bẹ̀rù òpin ọ̀sẹ̀, ó sì ti ti àwọn mìíràn sínú ìgbéyàwó kejì tí wọn kò tíì ṣe tán fún. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Irọ́: Láyé àwọn baba wa, obìnrin kì í kọ ọkọ.

Òótọ́: Ẹni tó bá ń sọ èyí ti gbàgbé ìtàn Ọya. Ìyàwó Ògún ni Ọya kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ fẹ́ Ṣàngó. Ìtàn náà kò fara sin. Àwọn tó ń bọ àwọn òrìṣà wọ̀nyí gan-an ló ń sọ ọ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ yọ Ọya kúrò láàárín àwọn òrìṣà.

Ká tiẹ̀ fi ti òrìṣà sílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín wa. Mo gba ọ̀rọ̀ bàbá náà gbọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló ka àwọn ohun tó lè fà á sílẹ̀, ìwà ìkà ọkọ sì wà nínú ohun tó kà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n yàtọ̀ sí ohun tí kò sí rárá. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, tí kóòtù dé Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn obìnrin ló wọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ kọ ọkọ. Ohun tí wọ́n sì ń fà jù níbẹ̀ ni èló ni owó orí tí wọn yóò dá padà, ta ni yóò sì san án. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ tuntun ló ń san án. Ní Ìbàdàn lónìí, ẹjọ́ báyìí ni wọ́n mọ kóòtù ìbílẹ̀ Mápó mọ́, débi pé àwọn oníròyìn kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa ní, tí àwa ń jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa, ni pé ọmọbìnrin tó bá padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀ kì í padà sí ilé onílé. Ọmọ-osú ni. Ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé, àwọn ìyàwó ilé sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Fúláàtì oníyàrá méjì tí a ń háyà báyìí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa rò nìyẹn, dípò ká máa purọ́ mọ́ àwọn tó ti kú.

Irọ́: Bí ẹbí bá ti jókòó, tí wọ́n ti dá owó orí padà, ó ti parí.

Òótọ́: Ó kù sí irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Èyí tí ẹ ṣe ní ilé ìgbìmọ̀ ìjọba, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba láti ṣe é, kóòtù gíga nìkan ló lè tú u ká, lábẹ́ òfin ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí ẹ̀. Òfin náà kò sì gbà kí ẹ gbé ẹjọ́ lọ kí ìgbéyàwó tó pé ọdún 2, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà, ìdájọ́ àkọ́kọ́ yóò dúró fún oṣù 3 kó tó di àṣekágbá. Ẹni tó bá lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn kí ìyẹn tó pé ti lu òfin, ó sì lè dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ kóòtù, ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, ire wọn ni òfin yẹn ní kí adájọ́ fi ṣáájú ohun gbogbo. Orúkọ bàbá tí ọmọ ń jẹ́ nìkan kọ́ ni yóò sọ ẹni tí yóò máa gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Irọ́: Obìnrin tó bá ń dá jáde, ọkùnrin ló ń wá.

Òótọ́: Mo mọ tíṣà kan ní Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì máa ń lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn. Nígbà tí ètò yẹn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn tán, mi ò mọ ibi tí mo lè jókòó sí." Ìrẹsì agolo mílíìkì mẹ́ta ló máa ń sè fún ilé nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà pọ̀. Àwọn ọmọ lọ tán, ọwọ́ rẹ̀ kò yé wọn mẹ́ta. Á sè é, á jẹ díẹ̀, á gbé ìyókù sínú fíríìjì, á sì máa gbé e gbóná títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, pẹ̀lú omijé nígbà mìíràn.

Lọ́jọ́ kan ó wọn agolo kan péré. Ó ge tòmátò méjì àti ata rodo kan, ó din ẹyin kan sí i, ó gbé abọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó sì tan rédíò. Ó ní ọdún ti pẹ́ tí òun ti jókòó jẹun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé ẹnì kan pe òun kí òun wá bu omi tàbí wá bá wọn wá ìbọ̀sẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ náà dùn mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ló ti ní ìgboyà láti wọkọ̀ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Agodi ní Sátidé kan. Ó san owó ẹnu géètì, ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi, ó ń kàwé.

Ẹnì kan láti àdúgbò rí i níbẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyá rẹ̀.

"Ta lò ń dúró dè ní Agodi?"

"Màámi, mi ò dúró de ẹnì kankan. Ìwé ni mò ń kà."

"Kí ló dé tí o ò kà á nílé?"

Inú bí mi nígbà tó sọ èyí fún mi, inú ṣì ń bí mi. Bàbá kan á jókòó sídìí ọpọ́n ayò láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí tí wọn ò fi ní rí ọmọ ayò 48 inú ihò 12 yẹn mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé ta ló ń dúró dè. Ìgbafẹ́ la máa pè é. Obìnrin tó ti se oúnjẹ, tó ti fọ aṣọ, tó ti tọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́wàá wá, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí wákàtí tí kò sí iṣẹ́ nínú ẹ̀, kò sì yẹ kó rojọ́ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òótọ́ kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tí ó ṣòroó gbà. Ọ̀pọ̀ wa ti pẹ́ nílé ọkọ débi pé a ò mọ ohun tí àwa fúnra wa fẹ́ràn mọ́. Bí wọ́n bá bi wá pé kí lẹ máa ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe, a ó sọ ohun tí ọkọ fẹ́ràn tàbí ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn. Àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan wò. Gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ Layípo tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àárẹ̀ ní 1936, kí o wo bí páànù Ìbàdàn ṣe pupa lọ títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Lọ sí omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele 7 ló ní, kò sì pọn dandan kí o dé òkè pátápátá. Wọ ẹgbẹ́ akọrin. Kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ní kí wọ́n kọ́ ọ láyò títa. Èyí tí kò bá bá ọ lára mu, fi sílẹ̀, kí o dán òmíràn wò.

Irọ́: Ọkùnrin kì í mọ̀ ọ́n lára, á kàn mú òmíràn ni.

Òótọ́: Ó ń mọ̀ ọ́n lára. Ìyàwó ló máa ń rántí ọjọ́ ìbí, òun ló máa ń pe ìyá ọkọ lórí fóònù, òun ló mọ ọ̀rẹ́ tó ń ṣàìsàn tó yẹ kí wọ́n lọ kí. Bí ó bá lọ, ọ̀nà tí ọkùnrin náà fi ń bá èèyàn rìn máa ń dí. Á máa jẹun ní bùkà, á máa wo bọ́ọ̀lù, á máa rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì gbà pé kò sí nǹkan kan. Ní 2000, Augustine Kposowa ti Yunifásítì California ní Riverside tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ewu kí ọkùnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé lọ. Láàárín àwọn obìnrin, kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà kọ́ ni ilé wa, ṣùgbọ́n àwa náà ń sọ fún ọmọkùnrin pé kó má sunkún. Bí bùọ̀dá yín bá ń dá gbé, ẹ lọ kí wọn, ẹ sì jókòó pẹ́. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà tí kò ní kókó, bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n.

Irọ́: Ìgbéyàwó mìíràn ló ń wo ọgbẹ́ ti àkọ́kọ́ sàn.

Òótọ́: Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀, tó sì ní odidi Súrà kan nínú Àlùkùránì tó ń jẹ́ Talaaq, kò gbà kí obìnrin ti ilé ọkọ kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìddah: kó rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí, bí ó bá lóyún, kó dúró títí yóò fi bímọ. Wọ́n fi ìyẹn mọ̀ bóyá oyún wà, wọ́n sì fi fún tọkọtaya láyè láti tún inú rò. Àwa tí à ń kánjú bá wọn wá ọkọ kí wọ́n tó tú ẹrù wọn tán, níbo la ti rí tiwa?

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Kí ni mo gbà tí kò yẹ kí n gbà? Ìgbà wo ni mo ti mọ̀, tí mo dákẹ́? Kí ni èmi náà sọ lọ́jọ́ tí inú ń bí mi? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé bí ẹ bá lè kọ ọ́, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kì í gbé ọ̀rọ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń lù nílé, kò yẹ kó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi lù ú. Kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó nawọ́ ló ṣẹ̀.

Irọ́: Kò sí ohun rere tí adálémosú ń dà.

Òótọ́: Susanne Wenger, ọmọ ìlú Graz ní Austria, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier wá sí Nàìjíríà ní 1950. Ìgbéyàwó wọn tú ká. Kò padà sílé. Ó fẹ́ onílù kan níbí, ó di olórìṣà, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Àdùnní. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bírìkìlà tẹ́lẹ̀, ló mọ àwọn ère àti ògiri inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Beier náà gbé ní Òṣogbo kan náà fún ọdún mélòó kan, kálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni ọdún 93 ni màmá náà nígbà tó kú ní oṣù kìíní ọdún 2009. Níké Davies-Okundaye pẹ̀lú ti jẹ́ ìyàwó Twins Seven-Seven, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Ó kúrò níbẹ̀, kò sì fi àdìrẹ sílẹ̀. Gálárì rẹ̀ ní Lẹ́kì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó kọ ọkọ ni yóò ní gálárì. Ọ̀pọ̀ wọn yóò máa san owó ilé-ìwé, wọn á máa sùn, wọn á sì máa jí láìsí ẹni tí ń pariwo lé wọn lórí. Ìyẹn gan-an ni ayé rere lójú mi, kò sì dìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà nípò yìí, bí aṣọ ẹbí bá dé, ẹ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i bí ẹ ti ń fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kó bá wọn jó wọlé pẹ̀lú ìyàwó tuntun. Ẹ yéé bi í pé ìgbà wo ló ń padà sílé ọkọ, ẹ má sì gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn.